Wáyà Màlúù Dìran

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n la fi dá Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n Dìran nìkan la fi dá ilé tirẹ̀. Ogún ọdún ló fi ṣe ọ̀gá ilé ìwé, kì í sì í gba àtúnṣe lẹ́nu ẹnikẹ́ni, áńbọ̀sì lẹ́nu ìyàwó. Lọ́dún 1982, ẹ̀rọ tó ń gbé iná sára wáyà tó fi sé màlúù rẹ̀ mọ́ ní Òṣíẹ̀lẹ̀ bàjẹ́. Ẹni tó tà á fún un ní kó gbé e wá sí Èkó fún àtúnṣe. Dìran kọ̀, ó fa iná láti sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀ tààrà sára wáyà. Bẹ́ẹ̀, iná ẹ̀rọ a máa ta màlúù, a sì fi í sílẹ̀. Iná ilé kì í fini sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, àgbò Sàlàhúdíìnì aládùúgbò wọn fara kan wáyà náà, ó sì kú síbẹ̀. Dìran ní àgbò náà ló ya olóríkunkun.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n mú iná lọ. Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, àwọn obìnrin àdúgbò ti ń sá aṣọ sórí wáyà.

Lọ́sàn-án Ẹtì, Adébímpé, ìyàwó Dìran, yọjú lójú fèrèsé pálọ̀. Ọkọ rẹ̀ lóṣòó sínú ẹrẹ̀ láìwọ bàtà, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì so wáyà tó já.

"Bàbá Yéwándé, ṣé ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì?"

"Iná wo ló wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ yọ? Ọjọ́ kẹrin rèé!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kúrò ná."

"Bímpé, ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

Adébímpé kúrò lójú fèrèsé. Ó sáré síbi sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìró tú nídìí rẹ̀, kò wẹ̀yìn. Àga ńlá ni Dìran gbé dí i. Ó fi èjìká tì í, kò mì. Ó tún tì í, ó ń pe Jésù, ó ń sunkún. Àga yẹ̀ díẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó di púlọ́ọ̀gì mú, ó fà á tu.

Kò tíì mí kanlẹ̀ tí fáànù òkè àjà fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Àwọn ọmọ àdúgbò pariwo: "Iná ti dé o!"

Dìran bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilé. "Bímpé! O rí i? Iná dé, wáyà ṣì wà lọ́wọ́ mi! Kí ló ṣe mí?"

Adébímpé padà sójú fèrèsé, ó na púlọ́ọ̀gì náà síta. Dìran wò ó, ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ jáde nínú ẹrẹ̀ yẹn!" Adébímpé kò pariwo mọ́ ọn bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn.

Ọ̀gá ilé ìwé fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde, ó jáde.