Ọkọ Mi, Sùn Re

Ọdún mẹ́fà ni mo fi po amọ̀ fún ìyá ọkọ mi. Amọ̀ mọ ẹsẹ̀ mi ju ọkọ mi lọ. Ṣùgbọ́n bí Màmá bá ti fi amọ̀ funfun kun ara ìkòkò, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Òun nìkan ló ń jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, tó ń fi irin ṣóńṣó họ ọ́ títí pupa abẹ́ rẹ̀ á fi yọ: ewé, ẹyẹ, orúkọ èèyàn. Ìgbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì ló tó rántí pé òun ní ìyàwó ilé.

"Ìyàwó, opó kan fẹ́ ìkòkò òdòdó tó máa gbé sórí ibojì ọkọ ẹ̀. Kọ 'Ọkọ mi, sùn re' sí i. Tó o bá ṣe é dáadáa, tábìlì yìí di tìẹ. Tó o bá bà á jẹ́, amọ̀ lo máa pò títí wọ́n á fi sin mí."

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Màmá ò ní kú bọ̀rọ̀.

Mo fara balẹ̀ họ ọ́. Lẹ́tà náà dára débi pé mi ò fẹ́ tètè fi àmì sábẹ́ wọn. Bí irorẹ́ ni àmì wọ̀nyẹn rí lójú mi. Mo bá gbàgbé. Níbi tí mo ti ń gbé e lọ síbi iná, èékánná mi tún ha ibì kan lókè lẹ́tà kan. Mo ní ta ló máa rí i?

Nígbà tó jinná, Màmá gbé e súnmọ́ ojú, ó kà á, ó tún un kà.

"Ìyàwó, kí lo ní kó sùn re?"

Mo wò ó. *Okó mi, sùn re.* Àmì èékánná mi nà gbọọrọ lórí o kejì, bí ẹni pé tíṣà ló fi í síbẹ̀.

Kí a tó rí nǹkan fi bò ó, opó ti wọlé, ó ti kà á. Ojú tì mí gan-an. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mà á ṣe òmíràn."

Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹkún ni mo pè é. Àṣé ẹ̀rín ni, ẹ̀rín tó mú un jókòó lé àpò amọ̀.

"Má ṣe òmíràn," ó ní, ó ń nu ojú. "Ṣebí àwọn méjèèjì ló ń sùn níbẹ̀. Àwọn méjèèjì náà ni mo sì ń ṣàárò."

Ó gbé ìkòkò rẹ̀, ó lọ. Màmá wò mí títí, ó wá ti irin ṣóńṣó sí mi lọ́wọ́.

"Tábìlì ti di tìẹ. Lọ gé èékánná ẹ."