Ta Ló Ń Dá Ọkọ̀ Gabriel Dúró?

Ọkọ̀ Gabriel kì í kọṣẹ́ nílé. Ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbi tó máa ń sùn, ẹ ṣáà ti yí kọ́kọ́rọ́, yóò dáhùn bí ọmọ gidi. Ojú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti máa ń yarí, pàápàá bí oòrùn bá mú, tí ẹrù sì kún ẹ̀yìn rẹ̀.

Pííkọ́ọ̀pù náà ti dàgbà, kì í ṣe irọ́. Bàbá Gabriel ló fi sílẹ̀ fún un, òun ló sì fi ń kó ẹrù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Under G, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Láàárín oṣù mẹ́ta, ó ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ti pààrọ̀ kọ́ìlì tó ń fún wọn níná. Ó ti ra sẹ́ńsọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn nǹkan kékeré tó ń sọ fún ẹ́ńjìnnì ìgbà tó yẹ kí iná ṣẹ́. Tuntun tó ń dán gbinrin nínú ọ̀rá ló máa ń rà. Ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin, ọkọ̀ á tún dákẹ́ lójú ọ̀nà. Ká sòótọ́, Gabriel kò mọ ọjà rà. Ohun tó bá ti dán, tirẹ̀ ni. Ọlọ́run ló bá a yan ìyàwó.

Ìyá rẹ̀ sì ni Ìyá Àdúrà nínú ìjọ Aládùúrà tí gbogbo wọn ń lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí sú màmá, ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó sì dìde pẹ̀lú ìran. Wọ́n fi han òun, ó ní, pé obìnrin kan nínú ilé ló ń dá ọkọ̀ dúró. Màmá kì í parọ́ ìran, gbogbo ìjọ ló mọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé yẹn, bí wọ́n bá ti pe obìnrin, Grace ìyàwó Gabriel lojú máa ń lọ sí. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ o. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó ni. Bó bá gba iwájú ọkọ̀ kọjá, màmá á wúkọ́, á bẹ̀rẹ̀ àdúrà sí ọ̀tá ilé.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Grace di aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, ó gbé e sẹ́yìn ọkọ̀.

"Ẹ gbé mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ògbómọ̀ṣọ́," ló sọ fún Gabriel. "Bí ọkọ̀ yín ò bá kọṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn tí mo bá lọ, a jẹ́ pé èmi ni. Bó bá tún kọṣẹ́, ẹ wá ẹlòmíì wò."

Gabriel bẹ̀ ẹ́ títí, Grace ò gbọ́. Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà gan-an. Bí ọkọ̀ kan bá lọ, òmíràn lè wá, ṣùgbọ́n níbo ni yóò ti rí Grace mìíràn?

Wọ́n gbéra, Grace kọjú sí fèrèsé títí wọ́n fi kọjá Odò Ọbà. Bí wọ́n ṣe wọ Under G báyìí, ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù Haneefah, obìnrin tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ó tó ọdún méjì tí Gabriel ti ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù yìí. Kò yà síbẹ̀ rí, torí pé obìnrin ló ni ín. Lónìí, ọkọ̀ bá a yà.

"Ẹ kú ìrìn, sà. Ẹ pẹ̀lẹ́, mà," ni Haneefah wí. Gabriel ka gbogbo ohun tó ti pààrọ̀ fún un, ó wá na ọwọ́ sí sẹ́ńsọ̀ tuntun kan tó so rọ̀ lára ògiri. "Bá mi mú ìyẹn."

"Ẹ ti pààrọ̀ gbogbo nǹkan tán, sà, ẹ ò tíì béèrè ohun tó ń pa wọ́n?"

Ó tú sẹ́ńsọ̀ ara ẹ́ńjìnnì, ó fa ẹnu wáyà rẹ̀ yọ. Omi kán tó sí i lọ́wọ́. Irin inú rẹ̀ ti dípẹtà, àwọ̀ rẹ̀ ti dà bíi ti ewé. Haneefah gbé e sí imú, ó yọ ọ́, ó tún gbé e síbẹ̀.

"Ẹ má bínú o, sà. Ta ló ń da lọ́fíńdà sínú ẹ́ńjìnnì?"

Grace tó ti kọ̀yìn sí wọn látìgbà yẹn yíjú padà. Ó gba nǹkan náà, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó gbé e fún ọkọ rẹ̀.

Gabriel gbóòórùn rẹ̀, ó sì rántí. Gbogbo ìgbà tó bá ra nǹkan tuntun sínú ọkọ̀, màmá á ní kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Á gbé ìgò omi àdúrà rẹ̀ dé, omi tó fi iyọ̀ àti lọ́fíńdà sí. Á kọrin, á sì dà á sórí nǹkan tuntun náà kí ọwọ́ ayé má bàa tó o. Bí Gabriel ṣe ń rà ni màmá ń wẹ̀ ẹ́.

Haneefah mú sẹ́ńsọ̀ méjì wá, tuntun kan, tòkunbọ̀ kan. "Ẹ yan ọ̀kan, sà."

Ọwọ́ Gabriel tún lọ síbi tó ń dán. Ìwà!

"Ẹ wo ẹnu ẹ̀ ná. Kò ní rọ́bà tó ń dènà omi. Tòkunbọ̀ yìí, rọ́bà ẹ̀ pé, nọ́ńbà ara ẹ̀ sì bá ti yín mu." Ó fi mítà tó ń díwọ̀n iná wò ó, ó gbé e lé orí ẹ́ńjìnnì gbígbóná fúngbà díẹ̀, ó tún fi mítà wò ó. "Òmíì wà tó jẹ́ pé tó bá tutù nìkan ló máa ń ṣiṣẹ́. Ooru la fi ń mọ èyí tó dáa."

Ó nu ẹnu wáyà, ó jẹ́ kó gbẹ, ó to gbogbo rẹ̀ padà. Gabriel yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Omi àdúrà ò burú, sà," ni Haneefah wí bó ṣe ń nu ọwọ́. "Àwa náà ń lo omi tí wọ́n ka Kùráánì sí. Ṣùgbọ́n àá fún aláìsàn mu ni, a kì í dà á sí i létí."

Gabriel wo ìyàwó rẹ̀. "Ṣé kí n gbé ẹ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ?"

"Ẹ ṣẹ́rí ọkọ̀ padà. Mo fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ fún màmá."

Oòrùn ọ̀sán mú ganrínganrín lọ́nà Ọ̀yọ́, ọkọ̀ kò wúkọ́ rárá. Nígbà tí wọ́n tún kọjá Odò Ọbà, ara Gabriel balẹ̀ débi pé ó bú sórin, Grace sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ kan.

Màmá ti gbọ́ lórí fóònù pé ọkọ̀ tún kọṣẹ́, ó sì ti ń dúró níwájú ilé pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́. "Ṣé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀? Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì."

Gabriel dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ọkọ̀. Ibẹ̀ ló ti ro gbogbo ẹjọ́, ojú rẹ̀ sí ilẹ̀, kò lè wòkè. Ó na sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ sí màmá. Màmá gbóòórùn rẹ̀, ó sì rọra jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Obìnrin inú ilé," ló wí. "Ìran ò parọ́. Èmi ni mi ò ka ara mi kún obìnrin. Grace, wá."

Grace wá, ó kúnlẹ̀.

"Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi wò ọ́ níwòkuwò. Mo ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, má bínú."

"Ó ti tán, mà."

Màmá fọwọ́ kan orúnkún ara rẹ̀, ojú rẹ̀ là. "Gbogbo àdúrà tí mò ń gbà pé kí ẹsẹ̀ obìnrin náà má gbé e dìde mọ́! Abájọ tí orúnkún mi ò jẹ́ kí n sùn!" Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, Grace sì ní láti dì í mú.

Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, màmá gbé ìgò fún un. "Ìwọ ni kó o máa wọ́n ọn báyìí. Táyà nìkan o."

Grace wọ́n ọn sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn náà, ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì wọlé.