Ta Ni Kò Jẹun?

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi ní kí n dá ẹranko yẹ̀ wò fúnra mi nìyẹn. Káfíńtà kan wọlé, ó gbé ajá mọ́ àyà bí ọmọ ìkókó. Lẹ́búlẹ́bú pákó wà lórí ọkùnrin náà. Ojú ẹ̀ sì dára, kí n má purọ́.

"Dókítà, ẹ gbà wá o. Ajá bàbá mi ni. Látìgbà tí bàbá ti kú, òun nìkan ni màmá mi ń bá sọ̀rọ̀ nílé. Wọ́n ní ó ti fẹ́ tẹ̀lé bàbá lọ ni."

Mo mú bírò. Ẹranko ò lè sọ̀rọ̀. Ẹnu ẹni tó ni ín la ti ń gbọ́ àìsàn ẹ̀ kí ọwọ́ tó kàn án.

"Ọjọ́ mélòó ni kò ti jẹun?"

"Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Wọn ò fẹnu kan nǹkan kan."

Irú ọ̀wọ̀ tó ń fún ajá yìí wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Èmi náà bá bọ̀wọ̀ fún ajá. "Ṣé wọ́n ń sùn dáadáa?"

"Oorun kẹ̀? Wọ́n á jókòó sórí àga, wọ́n á fọwọ́ lẹ́rán, wọ́n á máa sunkún."

Mo kọ ọ́ dé "fọwọ́ lẹ́rán", bírò bá dúró. Mo wo ajá. Ajá wò mí.

"Ẹ dákun, ajá yín ló ń fọwọ́ lẹ́rán?"

"Ajá kẹ̀! Màmá mi ni mò ń sọ! Ta ló ń pe ajá ní wọ́n?"

Lẹ́yìn kọ́tìnì, ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Mo fagi lé gbogbo ẹ̀.

"Ajá nìkan la ń sọ báyìí o. Tí ẹ bá gbé oúnjẹ fún un, kí ló máa ń ṣe?"

"Láti àná, á sáré lọ bá a, á gbóòórùn ẹ̀, á fọwọ́ họ ẹnu, á padà."

Háà! Ebi ń pa á nígbà náà. Ẹni tó ń kú lọ kì í sáré lọ sídìí abọ́.

Ó bá mi di ajá mú. Ìka wa pàdé nínú irun ẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ ìgbọ́kàn sí i láyà. Ọkàn kan ń lù kìkì létí mi, n ò mọ̀ bóyá ti ajá ni àbí tèmi. Mo tún un kà. Ojú mọ́, etí mọ́, ikùn rọ̀. Mo wá la ẹnu ẹ̀ dáadáa: ẹ̀ẹ́rún igi kan ti há sí àjà ẹnu, láti eyín ọ̀tún dé tòsì.

"Igi ṣọ́ọ̀bù mi rèé!" Omi lé ròrò sójú káfíńtà. "Èmi ni mo fẹ́ pa á!"

"Ẹ má sunkún o, kí n má tún lọ kọ ọ́ pé ajá ni."

Mo fi ẹ̀mú fà á yọ. A gbé oúnjẹ rírọ̀ sílẹ̀. Ajá ti orí bọ̀ ọ́. Káfíńtà pe màmá ẹ̀ lórí fóònù.

"Màámi, ó ti ń jẹun o!"

"O ò ní purọ́ tàn mí jẹ."

Ó bá gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, kí wọ́n fetí ara wọn gbọ́ ọ. Ọwọ́ kejì ẹ̀ di tèmi mú, kò sì rántí fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ìró ìdérí ìkòkò lọ́dọ̀ màmá, a gbọ́ ṣíbí.

"Iyọ̀ nǹkan yìí ò tiẹ̀ tó," ni wọ́n wí, oúnjẹ kún wọn lẹ́nu.