Ta Ló Sọ Fún Yín?

Ta-ló-sọ ni wọ́n ń pè é nílé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn tó ti ń ṣiṣẹ́. Kò sí akọ̀ròyìn tó máa gbé ìròyìn wá síwájú rẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ bi í pé, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Tí onítọ̀hún bá ti ń kólòlò, ìròyìn náà ò jáde mọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá finú han Ta-ló-sọ fúnra rẹ̀, tó ní kó má dárúkọ òun, onítọ̀hún lè lọ sùn, kó na ẹsẹ̀ méjèèjì.

Ohun tó kó o sí wàhálà gan-an nìyẹn. Ó kọ ìròyìn nípa àwọn tó kú sí àtìmọ́lé, adájọ́ sì ní kó dárúkọ ẹni tó fún un ní àwòrán wọn. Ó kọ̀ jálẹ̀. Adájọ́ ní tó bá tún di ọjọ́ Ajé tí kò sọ ọ́, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ. Ìjọba ilẹ̀ òkèèrè kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣòfin pé akọ̀ròyìn tí wọ́n bá fẹ́ tì mọ́lé nítorí iṣẹ́ rẹ̀, àwọn á gbà á sọ́dọ̀ kíákíá. Òfin tó dùn létí ni, ohun tó bá sì ti dùn létí jù, ara máa ń fu Ta-ló-sọ sí i.

Ó nídìí. Ọkùnrin kan ti kọ́kọ́ wá bá a ní ọ́fíìsì, aṣọ rẹ̀ gún régé, ó ní ilé-iṣẹ́ aṣojú ilẹ̀ náà ló rán òun. Ta-ló-sọ bi í pé ta ló júwe òun fún un. Kíá, ọkùnrin náà dárúkọ olóòtú wọn. Nígbà tó bi olóòtú, ó ní òun ò rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí láyé òun. Ọjọ́ náà ni Ta-ló-sọ kó aṣọ díẹ̀, ó sá lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, kò sì sọ púpọ̀ fún un ju pé wọ́n ń wá òun lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ búra pé ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu òun.

Àfi bí obìnrin onígíláàsì ojú kan ṣe kanlẹ̀kùn lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún un, ó sì yára padà sí ilé ìdáná.

"Ẹ káàsán, ma. Ilé-iṣẹ́ aṣojú ni mo ti wá. Físà yín ti jáde lábẹ́ òfin tuntun wa, ọkọ̀ wà níta."

Ta-ló-sọ wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Kò ní kó jókòó. Ó gba káàdì rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn, ó dá a padà. Ta ni ò lè tẹ káàdì?

"Ta ló sọ fún yín pé ibí ni mo wà?"

"Ẹ má bínú, ma, mi ò lè sọ."

"Ẹ fẹ́ kí n wọ ọkọ̀ ẹni tí mi ò mọ̀ rí, ẹ ò wá lè sọ ẹni tó júwe ilé?"

"Ẹni náà ní kí n má dárúkọ òun. Mo sì ti ṣèlérí."

Ta-ló-sọ dẹ pàkúté fún un. "Olóòtú mi ni, àbí?"

"Mi ò ní sọ pé òun ni, mi ò sì ní sọ pé òun kọ́."

"Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́, màá tẹ̀ lé yín báyìí. Tẹ́ ẹ ò bá sọ ọ́, ọ̀nà rèé."

Obìnrin náà bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nu òógùn imú rẹ̀. Ó wá gbé báàgì rẹ̀. "A jẹ́ pé mò ń lọ nìyẹn, ma. Ó dùn mí o, torí a ò ní lè padà wá síbí mọ́. Àwọn èèyàn ti ń wo ọkọ̀ wa."

Ó ti di ilẹ̀kùn mú kí ọ̀rọ̀ náà tó yé Ta-ló-sọ. Ohun tí òun sọ fún adájọ́ lẹni yìí ń sọ fún òun, òun náà sì ti jókòó bí adájọ́. Ojú tì í, ẹ̀rín sì fẹ́ pa á. Ayédèrú tó wá sí ọ́fíìsì ò jáfara rárá kó tó dárúkọ; èyí ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

"Ẹ dúró," ló ní. "Ẹ jẹ́ kí n mú báàgì mi."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbé báàgì náà dé ẹnu ọ̀nà. Ó ti ká aṣọ òtútù tuntun kan lé e lórí, èyí tó nípọn dáadáa.

"Gba èyí dání. Wọ́n ní òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré."

Ta-ló-sọ wo aṣọ náà. Kò sọ orúkọ ilẹ̀ kankan fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí, obìnrin onígíláàsì ò sì dárúkọ ibì kankan. Ìbéèrè tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ bi àwọn èèyàn dé orí ahọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò lè wo ojú rẹ̀.

Ó dì mọ́ ọn, ó gba aṣọ náà.

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí ìbéèrè náà títí ọkọ̀ fi lọ.