Ìgalà Tó Bá Bàbá Samsudeen Ya Fọ́tò

Àlàyé tí Rùkáyàt ṣe fún àwọn ará abúlé, itọ́ gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kámẹ́rà tí òun so mọ́ igi létí adágún, ẹran ìgbẹ́ ló wà fún. Ohunkóhun tó bá mira níwájú rẹ̀, á ya á fúnra rẹ̀. Gbogbo abúlé náà, lẹ́yìn ìlú Tẹ̀dé níbẹ̀, ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n gbọ́ lóòótọ́. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé fọ́tò ọ̀fẹ́ ti dé.

Ọ̀rọ̀ eré kọ́ ni fún Rùkáyàt. Ṣakí ló ti ń ṣe olùkọ́, ó sì ti ń ṣèwádìí adágún yìí tipẹ́. Abúlé àti àwọn Fúlàní darandaran ló jọ ń lo omi náà, òjìji igi ni kì í sì í jẹ́ kó gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn eléèédú ti wá ń fojú sí igi ọ̀hún. Ìgbìmọ̀ ìlú ní bó bá lè fi hàn pé ẹran ìgbẹ́ ṣì ń mumi níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan ewé. Bí kò bá rí i fi hàn, kí eléèédú máa gbé ayùn bọ̀.

Ní ọ̀sán tó ṣáájú ìpàdé ìgbìmọ̀ náà, ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó tú ohun tó wà nínú kámẹ́rà sórí kọ̀ǹpútà. Àkọ́kọ́: Ìyá Mùyìbátù nínú léèsì, gèlè rẹ̀ ń bá ẹ̀ka igi jà. Èyí tó tẹ̀ lé e: ọkùnrin méjì tí wọn ò kí ara wọn láti èṣí, wọ́n dì mọ́ra, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Lẹ́yìn náà, ọlọ́kadà kan, ó ti ọ̀kadà wọ inú igbó, ó fi awò dúdú sójú. Rùkáyàt wò títí, kò rí ìrù eku. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Ìgbà náà ni Bàbá Samsudeen, àgbà kan lábúlé náà, dé, ó ń bi í bóyá ó ti kan tòun. Bàbá ròyìn pé bí òun ṣe kírun àsùbá tán lòun gbé agbádá aṣọ òkè tí wọ́n hun fún òun ní Ìsẹ́yìn wọ̀, tí òun lọ dúró. Gbogbo fọ́tógíráfà tí òun mọ̀, wọ́n á ní kéèyàn má mira títí àwọn á fi ní ó ti tó.

"Èyí ò sọ pé ó tó, tíṣà," ó ní. "Mo bá dúró. Oòrùn yọ bá mi níbẹ̀."

Kí inú bàbá má baà bàjẹ́, Rùkáyàt ṣí tirẹ̀. Bàbá nìyẹn lóòótọ́, ó nà ró bí òpó iná. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbádá rẹ̀, ìgalà ń mumi. Ó ṣí òmíràn: ìgalà méjì. Òmíràn: ọmọ ìgalà ń fimú kan etí agbádá. Wọ́n ti ka bàbá mọ́ igi. Ká ní ó mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan péré ni, ẹran kankan kì bá tí dúró.

Rùkáyàt kúnlẹ̀ síbẹ̀, ẹkún ìbànújẹ́ di ẹkún ayọ̀.

"Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ̀yin lẹ gba adágún yìí sílẹ̀."

Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó wo fọ́tò náà fínnífínní, ojú rẹ̀ fà ro.

"Ṣé o lè bá mi yọ àwọn ẹran yìí kúrò níbẹ̀?"

Rùkáyàt bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà kí wọ́n wà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ rí fọ́tò náà lọ́jọ́ kejì, eléèédú sì palẹ̀ ayùn mọ́. Èyí tí Rùkáyàt fi gíláàsì ṣe fún bàbá, ara ògiri pálọ̀ ló wà dòní, ẹran rẹ̀ pé. Gbogbo àlejò tó bá wọlé ni bàbá ń sọ fún pé òun lòun pè wọ́n wá. Bí Rùkáyàt bá wà níjòókòó, òun náà á ní bẹ́ẹ̀ ni.