Ìlérí Alàgbà Kékeré

Alàgbà ni wọ́n ń pè é, ọmọ tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì hù délẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Mọ́mọ̀nì ṣe máa ń pe gbogbo ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n bá rán jáde lọ wàásù. Ó fi ilé sílẹ̀ fún ọdún méjì, wọ́n so báàjì dúdú mọ́ ọn láyà, oyè Alàgbà sì wà níwájú orúkọ rẹ̀. Nígbà tó bá ń kọjá ládùúgbò nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti táì, àwọn tó ń ta ayò lábẹ́ igi á fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ kúuṣẹ́, Alàgbà! Ṣé ẹ ti mu ọmú tòní?"

Kì í dá rìn. Òfin wọn ni pé kí wọ́n máa rìn ní méjì méjì, kí ojú ẹnì kan má sì kúrò lára ẹnì kejì àfi bó bá wọ balùwẹ̀. Ẹni tí wọ́n jọ ń rìn ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà jù ú lọ. Másinmi ni ìnagijẹ tirẹ̀, nítorí ó lè ti àárọ̀ rìn dìrọ̀lẹ́ láìwá ibi jókòó. Yàrá kan ni wọ́n ń gbé, bẹ́ẹ̀dì méjì, tábìlì kan, fèrèsé tó kọjú sí ògiri aládùúgbò.

Ọjọ́ Ajé nìkan ni wọ́n fi ń mí. Wọ́n á fọ ṣẹ́ẹ̀tì tí ọrùn rẹ̀ ti pọ́n, wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á ra búrẹ́dì àti ẹyin, lẹ́yìn náà ni wọ́n á pe ilé. Bó bá ti di ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí dé Àbámẹ́ta, ilẹ̀kùn ni. Wọ́n á kan tìhín, wọ́n á kan tọ̀hún. Ẹlòmíì á yọrí lójú fèrèsé, á fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò sí nílé. Ẹlòmíì á tú ajá sílẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń fárùngbọ̀n lọ́wọ́ dúró gbọ́rọ̀ wọn dópin, ó nu ọṣẹ ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú làálàá o," ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ìyẹn ló dun Alàgbà jù, torí ọkùnrin náà ò tilẹ̀ bínú.

Ìyá rẹ̀ ò fẹ́ gbọ́ tajá. Opó ni, ilé ìwé kan ló ti ń se oúnjẹ fáwọn ọmọ, bó bá sì di ọjọ́ Ajé, á kọ́kọ́ pariwo lórí fóònù kó tó kí ọmọ rẹ̀.

"Ọkọ mi! Ẹ ti rí ẹnì kankan rì bọmi?"

"Ó ku díẹ̀, màámi."

"Ó-ku-díẹ̀ yìí mà ti ń pẹ́ o. Gbogbo ìjọ ló ń bi mí. Mo ti ní ọmọ mi ò ní bọ̀ lọ́wọ́ òfo."

Bó bá gbé fóònù sílẹ̀, kì í jẹun yó títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ajá ló mú un dé ọ̀dọ̀ aránṣọ. Wọ́n ń sá fún un lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ṣòkòtò rẹ̀ fà ya láti ìdí dé itan. Obìnrin kan wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, ó rí gbogbo rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ yà wá síbí, Alàgbà. Àgbàlagbà kì í ṣí ìdí sílẹ̀ wàásù."

"Ẹ ṣé, mà. Ṣùgbọ́n òfin wa ò jẹ́ ká wọlé tọ obìnrin tí kò bá sí ọkùnrin ilé nítòsí."

"Ọkùnrin ilé nìyẹn tó ń gé pákó lẹ́yìnkùlé." Ó nahùn. "Olówó orí mi! Ẹ wá jókòó tì wá, àwọn ọmọ yìí ń bẹ̀rù mi!"

Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀. Ó jáde wá pẹ̀lú pẹ́ńsù létí àti èérún pákó nínú irun, ó jókòó sórí àpótí. Aránṣọ fún Alàgbà ní aṣọ kan kó lọ́ mọ́ ìdí, ó rán ṣòkòtò náà, bó sì ti ń tẹ ẹ̀rọ ló ń béèrè iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn. Láti ọjọ́ náà ni ilé yẹn ti di ibi tí ẹsẹ̀ wọn ń balẹ̀ sí. Aránṣọ sọ ọ́ ní Alàgbà Kékeré. Bó bá ti rí i lókèèrè á ní, "Bàbá mi dé, ẹ wá nǹkan jíjẹ fún un, ó ti gbẹ bí ìgbálẹ̀."

Ìbéèrè kan ló wà lọ́kàn obìnrin náà. Ó pẹ́ kó tó bi wọ́n.

"Mo bímọ rí," ó ní. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Kò sunkún. Wọn ò jẹ́ kí n gbé e. Ẹ ní ìdílé ò ní tú ká lọ́run. Ṣé tèmi náà wà níbẹ̀? Èyí tí kò sunkún?"

Másinmi wo ilẹ̀. Alàgbà Kékeré ló dáhùn. "A gbà pé ẹ máa rí i, mà."

Káfíńtà dìde, ó padà sẹ́yìnkùlé. Wọn ò gbọ́ ìró ayùn fún ìgbà pípẹ́.

Bí aránṣọ ṣe gbà láti ṣèrìbọmi nìyẹn. Wọ́n dá ọjọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ Ajé tó ṣáájú rẹ̀, ìyá Alàgbà ké lórí fóònù débi pé Másinmi gbọ́ ọ láti orí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀. Ó kọrin, ó súre, ó ní òun ti ń lọ sílé àwọn arábìnrin láti sọ fún wọn. Alàgbà jẹun yó lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀ ní Ọjọ́rú, ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Aránṣọ wà lórí ẹní, ó ká orúnkún mọ́ra, ó fọwọ́ mú ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀ wálẹ̀.

"Ó ti ń bì láti àná," ọkọ rẹ̀ ní. "Mo ní ká lọ ilé ìwòsàn, ó ní kí n ní sùúrù."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbàdúrà fún mi ná," aránṣọ ní. "Ẹ tiẹ̀ wo ojú Alàgbà Kékeré, bí ẹni pé òun ni inú ń run."

Òróró díẹ̀ wà nínú ìgò kékeré tí Másinmi so mọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ó kán ẹyọ kan sí àtàrí obìnrin náà, ó gbàdúrà ní ṣókí. Lẹ́yìn náà àwọn méjèèjì gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì kan Alàgbà Kékeré láti sọ̀rọ̀ ìbùkún. Wọ́n ti kọ́ ọ pé kó dákẹ́ díẹ̀, kó tẹ́tí, kó má sọ ju ohun tó bá wá sí i lọ́kàn láti òkè. Ó dákẹ́. Kò gbọ́ nǹkan kan. Orí obìnrin náà gbóná lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó rántí ọjọ́ Àìkú, ó rántí ìyá rẹ̀ tó ń lọ láti ilé dé ilé, ó rántí pé kò sí ẹlòmíì ní gbogbo ìlú náà tó ń pè é ní bàbá mi. Ó wá gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń sọ pé, "Àìsàn yìí ò ní mú ọ lọ. Wàá dìde lórí ẹní yìí, wàá sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn wọ inú omi lọ́jọ́ Àìkú."

"Àmín!" Ẹnu aránṣọ ló ti kọ́kọ́ jáde.

Másinmi yíjú sí káfíńtà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣì gbé wọn lọ ilé ìwòsàn o. Ìjọ wa ò sọ pé kí ènìyàn má rí dókítà."

"Mo ti ń sọ ọ́," káfíńtà ní. "Dìde ká lọ."

"Dókítà kí ló tún kù?" aránṣọ ní. "Ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí Alàgbà wí ni?"

Gbogbo wọn wo Alàgbà Kékeré. Bó bá ní kó lọ, á dà bí ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ mì. Ó tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀. Káfíńtà jókòó padà.

Nígbà tí wọ́n dójú títì ni Másinmi dì í lápá mú. "Ṣé wọ́n sọ ọ́ fún ọ láti òkè ni, àbí ìwọ lo sọ ọ́?"

"Wọ́n sọ ọ́ fún mi," ó dáhùn.

Lọ́jọ́ kejì ó dà bí ẹni pé òótọ́ ni. Aránṣọ jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó ní ìrora náà kàn ṣàdédé lọ ni, bí ìgbà tí wọ́n já okùn. Ojú rẹ̀ funfun, ìka ọwọ́ rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín. "Alàgbà, mo dìde o!" Inú Alàgbà Kékeré dùn débi pé nígbà tí wọ́n jáde, ó sáré díẹ̀ lójú títì bí ọmọ tó jáwé olúborí nínú eré ìje. Másinmi ò sáré.

Ilẹ̀kùn ilé náà wà ní títì lọ́jọ́ Ẹtì. Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lódìkejì jáde wá pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́. Ó ní bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ni ikùn obìnrin náà wú tó le gbandi, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, ọkọ rẹ̀ sì gbé e pọ̀n jáde láti wá mọ́tò. Òun náà tẹ̀ lé wọn dé ilé ìwòsàn. "Dókítà ní ìfun kan ló wú, tó sì bẹ́ sínú. Ó ní ìgbà tó bẹ́ ni ìrora fi lọ. Ó bi ọkọ pé níbo ló wà láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun." Ó wo abẹ ọwọ́ rẹ̀. "Ó ti kú kí oòrùn tó ga."

Wọ́n pe ààrẹ tó ń darí gbogbo àwọn ajíhìnrere agbègbè náà. Ó ní kí wọ́n má lọ síbẹ̀ títí òun á fi dé. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Alàgbà Kékeré wọ bàtà rẹ̀.

"O gbọ́ ohun tí wọ́n wí," Másinmi ní.

"Mo gbọ́."

"Bó o bá lọ, dandan ni kí n tẹ̀ lé ọ."

"Mo mọ̀. Jọ̀ọ́, má bínú."

Másinmi kó kọ́kọ́rọ́, wọ́n lọ.

Káfíńtà wà lẹ́yìnkùlé. Pósí ló ń kàn. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ kan ti dúró, pákó gígùn kan wà lórí tábìlì iṣẹ́, ayùn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, ẹ̀gbọ́n," Másinmi ní.

"Hẹn."

Alàgbà Kékeré dọ̀bálẹ̀ nínú èérún pákó. "Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo sọ lórí wọn, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Èmi ni mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

Ayùn dúró. "Ọlọ́run kọ́?"

"Rárá, sà. Èmi ni."

Káfíńtà wò ó. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò ga. "Èmi sọ, kò gbọ́ tèmi. Ẹnìkejì rẹ sọ. Ìwọ nìkan ló kù. Ká ní o ti wí pé 'Ẹ lọ', ì bá rẹ́rìn-ín, ì bá bú ọ, ì bá sì dìde. Kí ló dé tí o ò wí i?"

"Ojú ń tì mí, sà."

"Ojú ń tì ọ́." Ó tún un sọ bí ẹni tó ń tọ́ oúnjẹ àjèjì wò. Ó sún mọ́ tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé, ṣùgbọ́n ìdí pákó náà ń gbọ̀n, ayùn sì ń yẹ̀ kúrò lójú ìlà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbìyànjú. Níkẹyìn ó ní, "Dìde. Di ibẹ̀ mú."

Alàgbà di pákó mú. Ọkùnrin náà gé e títí ó fi já. Ó gbé òmíràn sí i, Alàgbà dì í mú. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn títí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi pé. Másinmi ń ṣa ìṣó fún wọn. Nígbà tí wọ́n kan ìṣó tó gbẹ̀yìn, káfíńtà fi àtẹ́lẹwọ́ nu orí pákó náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń wò ó bóyá ó ṣì ní ẹ̀gún.

"Mi ò ní ṣépè fún ọ," ó ní. "Ó fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n má wá síbi ìsìnkú, má sì tún gba ojúlé mi kọjá. Máa lọ."

Lọ́jọ́ Ajé, fóònù dún kí Alàgbà tó pe ilé.

"Ọkọ mi! Omi náà tutù àbí ó gbóná? Sọ fún mi!"

"Wọ́n ti kú, màámi."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan bàtà tó tẹjú mọ́. Ó gbọ́ ìró ìkòkò lọ́hùn-ún, ó gbọ́ ẹnì kan tó ń béèrè iyọ̀.

"Ṣé èmi ni mo tì ọ́ débẹ̀?" ìyá rẹ̀ béèrè níkẹyìn. Ohùn rẹ̀ ti kéré.

Ó fẹ́ sọ pé rárá. Ó ti ṣe tán láti sọ ọ́. "Díẹ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹnu tèmi ni."

Ìyá rẹ̀ sunkún. Ó ní bó bá fẹ́ máa bọ̀ nílé, kó máa bọ̀, òun á wá mọ́tò lọ pàdé rẹ̀. Alàgbà ní òun á dúró parí ọdún méjì òun.

Ààrẹ náà dé, ó bá Alàgbà wí, ó sì bá a sunkún pẹ̀lú, ó wá gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Ó yà á kúrò lọ́dọ̀ Másinmi. Alàgbà Kékeré parí ọdún méjì rẹ̀ níbẹ̀. Ó ń kan ilẹ̀kùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá pè é sọ́dọ̀ aláìsàn, á kọ́kọ́ béèrè ibi tí ilé ìwòsàn wà, á sì dúró títí wọ́n á fi wá ẹni tó máa gbé aláìsàn náà lọ. Nígbà tó bá gbọ́wọ́ lé wọn lórí, kì í ṣèlérí kankan. Á kàn bẹ Ọlọ́run kó ṣàánú, á sì ṣe àmín. Àwọn kan ní àdúrà rẹ̀ ò lágbára. Ìyá arúgbó kan tiẹ̀ lé e jáde, ó ní òun ò pe ọlọ́pàá, àdúrà lòun ń wá.

Wọ́n rí àwọn méjì rì bọmi nílùú náà, baba kan àti ọmọ rẹ̀. Ó wà níbẹ̀, ó di aṣọ ìnura dání fún wọn. Wọ́n ní kó wá sọ̀rọ̀, ó ní ọ̀fun ń dun òun.