Iná Tó Wọlé Bíllíkísù

Bíllíkísù, ìyàwó Àlí olóbì, kì í tọrọ ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ó bá kọsẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kí ara rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́. Nítorí náà, nígbà tí Àsíyátù, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, kọ ọkọ tí wọ́n yàn fún un ní Kàbà, tó sì lọ fẹ́ Fọlọ́runṣọ́, àgbẹ̀ onígbàgbọ́ kan ní Ògìdì, ìyá rẹ̀ ní òun kò ní í ránṣẹ́ pè é láéláé. Ọdún méjì kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó ń dùn ún wọra, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún?

Àsíyátù fi ológbò rẹ̀ sílẹ̀ nílé, abo aláwọ̀ eérú kan tó tọ́ láti kékeré. Nígbà ọyẹ́ ọdún tí Ọbabìnrin ìlú òyìnbó wá sí Kàdúná, ológbò náà bí ọmọ mẹ́rin sínú agbọ̀n kan lẹ́yìn àká ọkà bàbà. Inú Bíllíkísù dùn. Ó ń fún ìyá ọmọ ní ẹja, ó sì ń kí i kú ewu ọmọ bí ẹni pé yóò dáhùn.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí iná bo àwọn ọmọ náà. Iná ara ológbò ni mo wí o, àwọn kòkòrò tíntìntín tí ń fò káàkiri inú irun, tí ń mu ẹ̀jẹ̀. Eégbọn sì tún so mọ́ wọn létí. Àwọn ọmọ kò ṣeré mọ́. Bí Bíllíkísù bá la ẹnu wọn, èrìgì wọn ti funfun. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ̀kan kú. Ó sin ín sẹ́yìn ilé, ó sunkún, ó wá ní èéfín ló kó sí òun lójú.

"Baba Àsíyátù," ó wí fún ọkọ rẹ̀, "ẹ bá mi yọ eégbọn ara àwọn tó kù."

Àlí wo ìyá ológbò tó na èékánná sílẹ̀. "Èmi kẹ̀? Eégbọn so mọ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lẹ́nu, o ní kí adìyẹ wá ṣà á jẹ! Ẹni tí ológbò yìí ń gbọ́ràn sí lẹ́nu wà ní Ògìdì. Ránṣẹ́ pè é."

"Kò sí ohun tó jọ ọ́."

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, Monica ahunṣọ, ará Ògìdì, wá ra òwú ní Kàbà. Bíllíkísù rí i níbi tó ti fẹ́ wọ ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì sáré lé e.

"Okun o, Ìyá Àsíyátù!"

"Okun o. Monica, bí o bá rí Àsíyátù, sọ fún un pé iná ti wọlé wa o. Ọ̀kan ti kú, àwọn tó kù náà ò dá mi lójú. Mi ò pè é o! Kó ṣáà ti gbọ́."

Awakọ̀ fọn fèrè, Monica ká ọwọ́ lérí, ó gun ọkọ̀. Ta ni yóò gbọ́ iná nínú ọyẹ́, nígbà tí gbogbo koríko òrùlé gbẹ kanganrangan, tí yóò tún bi í pé iná wo? Kí ọkọ̀ tó dé Ògìdì, ilé Àlí ti jóná kanlẹ̀ lẹ́nu Monica.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nǹkan sú Bíllíkísù. Aládùúgbò kan ti fún un ní oògùn funfun lẹ́búlẹ́bú, irú èyí tí àwọn wolé-wolé ń fọ́n sí ògiri. Ó gbé ọmọ ológbò kan lé itan, ó tú oògùn náà, ni ó bá gbọ́ ẹkún lójú ọ̀nà.

Àsíyátù ló ń bọ̀, kò sí gèlè lórí rẹ̀, eruku sì bò ó dé orúnkún. Fọlọ́runṣọ́ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìdì koríko bẹẹrẹ lórí. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjì tẹ̀lé e, wọ́n ru koríko, iṣu, ẹní, àti ìró kan tí ìyá wọn bọ́ sílẹ̀ pé kí ìyá ìyàwó rí nǹkan ró. A kì í fi ọwọ́ òfìfo lọ kí àna tí ilé rẹ̀ jó.

"Ìyá mi! Ta ló kú? Baba mi dà?"

Àlí yọ láti inú yàrá, ó ń jẹ obì. "Ta ló ní mo kú?"

Òrùlé wà níbi tó máa ń wà. Fọlọ́runṣọ́ wo òkè, ó wo ilẹ̀, koríko ṣì wà lórí rẹ̀. "Ìyá, iná náà dà?"

Bíllíkísù na ìka sí agbọ̀n. "Òun nìyẹn. Ara wọn ló wà."

Àlí rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, àwọn ọmọkùnrin náà sì bá a rẹ́rìn-ín. Bíllíkísù kò lè rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ìró tó wà lórí ẹrù. Àwọn tí òun kò jẹ́ kí wọ́n kí òun rí ni wọ́n ru òrùlé wá fún òun yìí. Ojú tì í gan-an.

Àsíyátù náà kò rẹ́rìn-ín. "Ìyá, kí lẹ mú dání yẹn?"

"Oògùn ni. Wọ́n ní ó ń pa iná."

"Yóò pa iná, yóò sì pa ọmọ! Ahọ́n ni ológbò fi ń wẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá dà sí i lára, ó ti jẹ ẹ́ nìyẹn." Ó gba oògùn náà, ó dì í padà. Ó kù díẹ̀ kí Bíllíkísù dà á sí ọmọ náà lára.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dáná sun àpò tí wọ́n tẹ́ sínú agbọ̀n. Àsíyátù fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ dúdú wẹ ìyá ológbò, ó ṣan án dáadáa, ẹranko náà kò sì ya ẹnikẹ́ni léèékánná. Àwọn ọmọ kéré jù fún ìwẹ̀ nínú ọyẹ́, nítorí náà ó fi àkísà tútù díẹ̀ nù wọ́n, ó sì fi òòyà eléyín wẹ́wẹ́ ya irun wọn láti ọrùn wá, kí iná má baà sá gun orí. Gbogbo èyí tó bá bọ́ sí òòyà, inú omi ọṣẹ ló ń rì í sí. Ó fi èékánná mú eégbọn nídìí, ó ń fà á yọ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ké. Igbe yẹn dùn mọ́ Bíllíkísù nínú, nítorí láti ọjọ́ mẹ́ta ni kò ti ní agbára àtiké.

"Àsíyátù," ó wí jẹ́jẹ́, "bí Monica bá ti sọ fún ọ pé iná ológbò ni, ṣé ò bá ti wá?"

Àsíyátù kò gbé orí sókè. "Ọdún méjì ni mo ti ń retí kí ẹ ránṣẹ́ sí mi, Ìyá. Bí ẹ bá ní kí n wá bu omi fún yín mu, ǹ bá ti dé."

Fọlọ́runṣọ́ kúnlẹ̀ sẹ́bàá wọn, ó di ọmọ ológbò kẹta mú, ó ń bẹ̀rù kí ọwọ́ àgbẹ̀ òun má fọ́ ọ. Bíllíkísù sún mọ́ ọn lórí ẹní, ó sì tún ọwọ́ náà ṣe fún un.

"Fi ọwọ́ gbé e nídìí, Fọlọ́runṣọ́," ó wí. "Kò ní í bu ọ́ jẹ."

Láti ọdún méjì, ẹnu rẹ̀ kò pe orúkọ yẹn rí. Òòyà dúró lọ́wọ́ Àsíyátù, omijé sì ń bọ́ sórí irun ọmọ ológbò tó wà nítan rẹ̀.

"Máa bá iṣẹ́ lọ," ni ìyá rẹ̀ wí. "Omi ń tutù."